Iṣẹ́ Ń Lo Ara, Ta Ló Ń Tọ́jú Ara?

      

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan kí a tó lọ jìnnà. Ìgbà wo lẹ lo ara yín kẹ́yìn nítorí ara yín? Mi ò ní nítorí iṣẹ́ o. Mi ò ní nítorí ọmọ. Mi ò ní nítorí pé omi tán nílé. Mo ní nítorí ara yín gan-an. Ẹ rò ó wò.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn dókítà wa ń gbọ́ ṣáá. Ìyá kan á wọlé, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á ti ru. Dókítà á fún un lóògùn, á wá sọ pé, "Mama, ẹ máa ṣe eré ìdárayá o." Ìyá á wo dókítà lójú. Á ní, "Dókítà, eré ìdárayá wo tún ni? Aago márùn-ún ni mo ti jí. Mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo gbé igbá lọ sọ́jà, mo wà lórí ìdúró di alẹ́. Bí mo tún ṣe délé, mo rokà. Ṣé ìyẹn ò tó ni?"

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ṣé ìyẹn ò tó? Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò láàárọ̀ yìí nìyẹn. Ìbéèrè ìyá yìí kì í ṣe àwáwí, ìbéèrè gidi ni. Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdáhùn sí i.

Ìdáhùn tèmi rèé, màá sì máa tún un sọ nítorí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò wọn. Iṣẹ́ ń lo ara nítorí iṣẹ́. Eré ìdárayá ń lo ara nítorí ara. Méjèèjì la nílò. Ọ̀kan ò lè rọ́pò èkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí ìyá yẹn ti jàre. Ó jàre o! Lílọ bíbọ̀ ojoojúmọ́ kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ wá ká jọ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni mò ń sọ. Àrùn ọkàn ń pa àwọn ọkùnrin níbẹ̀ ní rèwerèwe, àwọn dókítà ò sì mọ ohun tó ń fà á dájú. Dókítà kan wà tó ń jẹ́ Jeremy Morris. Ó ní kí òun wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Lọ́ńdọ̀nù yẹn. Ènìyàn méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ nígbà náà. Awakọ̀ wà níwájú, ó jókòó, kì í dìde. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gba owó, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sájà òkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó tún ń gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Ẹ gbọ́ o. Inú ọkọ̀ kan náà làwọn méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ̀ kan náà ni owó oṣù wọn ti ń wá. Ìlú kan náà ni wọ́n ń gbé. Síbẹ̀, àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Bó bá sì mú kọ̀ńdọ́kítọ̀ pàápàá, kì í sábà tètè pa á bíi ti awakọ̀. Morris tún wo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà kiri sàn ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tó jókòó ti tábìlì. Ní 1953 ló gbé ọ̀rọ̀ náà jáde nínú The Lancet, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn.

Kọ̀ńdọ́kítọ̀ yẹn ò lọ sí jímù kankan. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Nítorí owó ọkọ̀ ló ṣe ń gun àtẹ̀gùn, ọkàn rẹ̀ sì ń jẹ èrè ibẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ dánfó, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ̀yin awakọ̀ táàsì ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí? Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ báńkì, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọba? Iṣẹ́ yín le, mo mọ̀. Ó ń rẹ̀ yín, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó rẹ èèyàn yàtọ̀ sí kí ara rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Èèyàn lè jókòó sínú gòsílóò láti Ìkẹjà dé Àjáh, kí gbogbo ara máa ro ó, kí orí máa fọ́ ọ, síbẹ̀ kó má tíì rin ìrìn tó dé ìta ilé rẹ̀. Ọpọlọ ló rẹ̀, àárẹ̀ ìjókòó ló mú ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ò tíì ṣe nǹkan kan.

Ayé wa náà sì ti yí. Ẹ rántí bí a ṣe ń fa omi nínú kànga. Ẹ rántí ọlọ. Ẹ rántí ìrìn oko, àlọ àti àbọ̀. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń fa omi, ẹ̀rọ ló ń lọ ata, ọ̀kadà ló sì ń gbé wa láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ìkóríta tí ojú wa tó. Mi ò ní ká padà sídìí ọlọ o. Ìyá tó ti lo ọlọ mọ̀ pé ìtura ni ẹ̀rọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìṣiṣẹ́ ara tó bá ọlọ lọ, a ò fi nǹkan mìíràn dí àlàfo rẹ̀.

Láàárín àwọn ọdún 1990, àwọn oníṣègùn láti Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Chicago fi àwọn ará Ìgbò-Ọrà wé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ní Maywood, nítòsí Chicago. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Maywood gan-an ju ti àwọn tiwa lọ. Kì í ṣe ìṣiṣẹ́ ara nìkan ló fa èyí o. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sísanra wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbésí ayé lápapọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó jẹ́ kí a ronú. Ọ̀nà tí àwọn ará Maywood ń gbà gbé ayé ni àwa náà ń sáré tọ̀ lọ báyìí ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta.

Nítorí náà, ẹ má fojú kéré lílọ bíbọ̀ ojoojúmọ́. Tẹ́lẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń sọ pé ìṣiṣẹ́ ara tí kò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan kò sí nínú ìṣirò. Ní 2020, wọ́n yọ òfin yẹn kúrò. Ìrìn tí ẹ rìn lọ ra búrẹ́dì wà nínú ìṣirò. Àtẹ̀gùn tí ẹ gùn wà nínú ìṣirò. Gbogbo rẹ̀ pátá.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí a wà lórí rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ń lo ara nítorí iṣẹ́, eré ìdárayá ń lo ara nítorí ara, méjèèjì la sì nílò.

Ó dáa. Bí ìyá bá jàre tó báyìí, kí ló dé tí dókítà ò gbà fún un?

Ẹ wo àwọn alábàárù wa ní Bódìjà. Ẹ wo wọn ní Mile 12. Àpò ìrẹsì lórí, àpò ẹ̀wà léjìká, láti òwúrọ̀ kùtùkùtù. Ta ló ń lo ara tó wọn? Bó bá jẹ́ pé lílo ara nìkan ni ìlera, àwọn ni ì bá lera jù nínú gbogbo wa. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bí ẹ̀yìn wọn ṣe ń ṣe wọ́n. Ẹ béèrè orúnkún.

Ní orílẹ̀-èdè Dẹ́ńmáàkì, àwọn onímọ̀ kan, Andreas Holtermann wà lára wọn, tọpa àwọn àgbàlagbà tó lé ní 100,000 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó ń lo ara wọn dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́, àrùn ọkàn jìnnà sí wọn, ẹ̀mí wọn sì ń gùn. Ṣùgbọ́n àwọn tí iṣẹ́ wọn gan-an le jù, tiwọn ò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ líle yẹn ò dáàbò bò wọ́n. Ewu tiwọn tilẹ̀ ga ju ti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 2021 ni èyí jáde. Àwọn onímọ̀ mìíràn ṣì ń jiyàn lé e lórí, torí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ líle sábà máa ń jẹ́ ẹni tí owó ò tó, tí oúnjẹ gidi ò sì tó. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì ní àwọn gbìyànjú láti yọ ìyẹn kúrò nínú ìṣirò. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ya àwa lẹ́nu, nítorí ìṣojú wa ló ti ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́.

Kí ló fà á? Ẹ fara balẹ̀ síbí yìí, torí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Iṣẹ́ kì í bi ara léèrè. Ẹrù tó wà nílẹ̀ ni iṣẹ́ mọ̀. Bí èjìká ọ̀tún bá ń ro yín, ọkọ̀ tó gbé ẹ̀wà dé ò ní dúró di ọ̀la. Ẹ ó gbé e. Ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á máa ru sókè, kì í ṣe fún ìdajì wákàtí o, fún wákàtí mẹ́jọ, fún wákàtí mẹ́wàá. Ilẹ̀ á tún mọ́, ẹ ó tún padà síbẹ̀ kí ara tó sinmi tán. Ibi kan náà ni iṣẹ́ sì ń lò lára. Ẹni tó ń kọ ebè, ẹ̀yìn ló ń lò. Ẹni tó ń fi ìgbálẹ̀ kúkúrú gbá ilẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣé ẹ ti rí àgbẹ̀ kan rí tó ń fi ọkọ́ ro ilẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n tí kò lè gbé apá sókè láti wọ agbádá? Oko tí a ń gbin ohun kan náà sí lọ́dọọdún, tí a ò jẹ́ kó sinmi, ilẹ̀ ibẹ̀ á ṣá. Bẹ́ẹ̀ ni ara.

Eré ìdárayá yàtọ̀. Ẹ̀yin lẹ yàn án. Ẹ̀yin lẹ mọ ìgbà tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ẹ ó dáwọ́ dúró. Ó lè jẹ́ ìdajì wákàtí péré, ọkàn á sáré, èémí á yára, lẹ́yìn náà ara á sinmi. Nínú ìsinmi yẹn ni iṣan ti ń le sí i, ni ọkàn ti ń lágbára sí i. Ẹ ó ṣe é lónìí, ẹ ó tún ṣe é lọ́túnla. Bí ara bá ti mọ́ ọn, ẹ ó fi díẹ̀ kún un. Ẹ ó lo apá, ẹ ó lo ẹsẹ̀, ẹ ó lo ibi tí iṣẹ́ òòjọ́ yín ti gbàgbé.

Ẹ wo ìdọ̀bálẹ̀. Ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ láti kí bàbá rẹ̀ láàárọ̀, ìkíni ló ṣe. Bó bá wá wọ yàrá rẹ̀, tó na ara sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tó fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀, tó gbé ara sókè, tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó sinmi, tó tún ṣe mẹ́wàá mìíràn, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, eré ìdárayá nìyẹn. Ilẹ̀ kan náà ló nà sí. Ohun tó ṣe é fún ló yàtọ̀. Ijó náà ńkọ́? Ẹ jó lóde ìnáwó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó dáa, ó wà nínú ìṣirò. Ẹ ti ìlẹ̀kùn pálọ̀, ẹ fi orin sí i, ẹ jó títí òógùn fi bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ ti ń ṣe eré ìdárayá.

Morris tí mo dárúkọ níṣàájú rí èyí náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì, ó tọpa àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó jẹ́ pé orí àga ni iṣẹ́ wọn. Ó rí i pé àwọn tó ń ṣe eré tó le lẹ́yìn iṣẹ́, àrùn ọkàn ò mú wọn bíi ti àwọn yòókù. Òun fúnra rẹ̀ ń sáré ní pápá Hampstead Heath nígbà tí sísáré láàárín ìlú ṣì ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ní 2009 ló kú. Ẹni ọdún 99 ni.

Mo fẹ́ kàn sí ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí jímù náà. Ẹ kú ìgbìyànjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi wákàtí kan gbé irin láàárọ̀, tí ẹ wá jókòó sínú mọ́tò, tí ẹ fi ẹ̀rọ agbénisókè wọ ọ́fíìsì, tí ẹ jókòó di ìrọ̀lẹ́, tí ẹ tún nà sórí àga níwájú tẹlifíṣàn, wákàtí kan yẹn ò lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ máa dìde. Ẹ rìn lọ bá ẹni tí ẹ fẹ́ fi fóònù pè nínú ọ́fíìsì. Ẹ fi àtẹ̀gùn gùnkè. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Kí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé wá ní ká ṣe? Ohun tó rọrùn ni. Fún àgbàlagbà, ó kéré tán, ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ẹ pín in sí ìdajì wákàtí, ọjọ́ márùn-ún. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ náà tó. Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó kán tó? Ẹ wò ó bí ẹ bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ ò lè kọrin. Bí ẹ bá ṣì ń kọrin, ẹ yára sí i. Bí ẹ ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ rọra. Lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, ẹ ṣe ohun tó ń mú iṣan le.

Ọ̀rọ̀ iṣan yìí ká mi lára gan-an nítorí àwọn àgbà wa. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, iṣan itan a máa jò. Ẹsẹ̀ ò ní lágbára mọ́. Ìyá àgbà á fẹsẹ̀ kọ etí ẹní lásán, á ṣubú, eegun ìbàdí á ṣẹ́. Ẹ mọ ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. A máa ń sọ pé ogbó ni, tàbí kí a tilẹ̀ sọ pé wọ́n ta á lọ́fà. Ẹ̀yin ará mi, itan tí kò lágbára ló ṣubú. A sì lè fún itan lágbára, kódà lẹ́yìn àádọ́rin ọdún. Ìdí nìyí tí àjọ yẹn fi ní kí ẹni ọdún 65 sókè máa ṣe eré tó ń mú ara le, tó sì ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin, ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀. Bàbá tó bá wọ bàtà láàárọ̀ tó ń rìn kánmọ́kánmọ́ yí àdúgbò ká, ẹ má bi í pé kí ló ń lé e. Ẹ bá a rìn.

Eré tó ń mú iṣan le yìí kò náni lówó. Ẹ dúró kọjú sí ògiri, ẹ fi ọwọ́ ti ògiri, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ ti ara padà. Ẹ di ẹ̀yìn àga mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ẹ dúró lórí ẹyọ kan. Ìyá wa ọlọ́jà, ìrìn yín sí ọjà náà lè di eré ìdárayá. Ẹ gbé igbá fún ọmọ, ẹ rìn ín kíákíá láìdúró kí ẹnikẹ́ni. Ẹ ó kí wọn bí ẹ bá dé ìsọ̀.

Ẹ̀yin alábàárù, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ẹrù ṣúlẹ̀, tiyín yàtọ̀. Mi ò ní kí ẹ lọ tún gbé irin. Ìsinmi ló kọ́kọ́ tọ́ sí yín, àti oúnjẹ gidi. Lẹ́yìn náà, ẹ na ara. Ẹ na ẹ̀yìn tí ẹ tẹ̀ láti àárọ̀, ẹ gbé apá sókè, ẹ ṣí àyà sílẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́, ẹ rin ìrìn tí kò ní ẹrù lórí.

Ẹ gbọ́ èyí náà o. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, aláboyún, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí àyà bá ń dùn yín, bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí òógùn tútù bá bò yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ wá ìtọ́jú. Ẹ má ní ẹ fẹ́ parí rẹ̀.

Àkókò ti fẹ́ lọ. Mo fẹ́ kí a ṣe ọ̀kan pọ̀ báyìí, láìdúró di ọ̀la. Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀, ẹ má dá sí i, ẹ ṣe tiyín bí ẹ bá délé. Ẹ̀yin yòókù, ẹ wá àga tó dúró dáadáa. Ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yọ̀. Ẹ̀yin àgbà, kí ọmọ kan dúró tì yín. Ẹ jókòó. Ẹ ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà. A ó fi ìlù sí i fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú. Bí ìlù bá ti dún, ẹ dìde dúró gbọnrangandan láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, ẹ jókòó, ẹ tún dìde. Ẹ máa kà á. Ẹ kọ iye tí ẹ ṣe sílẹ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè àti lọ́jọ́ Fúráìdeè, kí ẹ sì pè wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní àkókò yìí kan náà láti sọ fún wa bóyá ó ti lé. Ẹni tí kò bá lè dìde láìfọwọ́tì lónìí, kó fi ọwọ́ tì, kó ṣáà dìde.

 Ṣé gbogbo yín ti jókòó? Ó yá, onílù, lù ú!